Ìpín Oòrùn: Omi tí Adágún Nasser Ń Pàdánù Lọ́dọọdún

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Ìbàdàn níwájú àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àti àwọn òbí. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, mo júbà o. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa ọjà tì wá síbí, Ọlọ́run yóò bá yín tajà yín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Gbogbo wa, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo rí i pé ètè gbogbo wa ló ti là. Kí ẹni tó bá ní òrí lọ́wọ́ bù fún ẹni tó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí. Mo wọn omi lítà kan sínú tíréè fẹ̀ǹfẹ̀ kan, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń pàtẹ tòmátò. Mo tún wọn lítà kan sínú ìgò, mo sì ṣí ẹnu ìgò náà sílẹ̀. Mo gbé méjèèjì sínú oòrùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, mo fi ọmọkùnrin kan ṣọ́ wọn. Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi ní kí ó ṣọ́ wọn? Mo dán an wò nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewúrẹ́ aládùúgbò mi ló bá mi mu gbogbo ìṣirò mi. Tí a bá fẹ́ parí, a ó ní kí ọmọ náà gbé wọn wọlé. Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé.

Ẹni tí mo fẹ̀sùn olè kàn

Ní ọdún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, wọ́n gbé mi lọ sí Òkè Ọya, sí ìdí adágún dáàmù kan tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin ìrẹsì àti tòmátò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi kò le. Láràárọ̀, kí n lọ wo igi ìwọ̀n tó wà létí omi, kí n kọ ibi tí omi dé sínú ìwé. Oṣù kẹta ọdún ni. Wọ́n ti géètì pa nítorí wọ́n ń tún ojú ọ̀nà omi ṣe. Omi kò wọlé, omi kò jáde. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, omi ti wálẹ̀ tó fífẹ̀ ìka mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìka mẹ́ta mìíràn.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa rò? Èmi rò pé olè ni. Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ géètì náà. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní bàbá yìí ń ṣí omi fún àwọn alóko lóru, ó sì ń gba owó wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo gbọ́n ju gbogbo ayé lọ.

Ọ̀gá mi kò bá mi jiyàn. Ó mú mi lọ síbi páànù onírin kan tó wà lórí pákó létí adágún. Páànù náà rí roboto, fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà kan, jíjìn rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Ó ní kí n máa wọn ìyẹn náà láràárọ̀. Páànù kò ní géètì. Kò sí bàbá kankan tó ń ṣọ́ ọ. Àmọ́ omi inú rẹ̀ ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, kódà ó ń yá ju ti adágún lọ, nítorí irin ara rẹ̀ máa ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ omi fi máa ń mú nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ohun tó gbẹ nínú páànù kí wọ́n tó pè é ní ti adágún. Mo ṣe ìṣirò náà lóru ọjọ́ kan lábẹ́ àtùpà. Ó bá ìka mẹ́ta mi mu rẹ́gí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Rana ta shanye." Hausa ni. Oòrùn ti mu ún tán. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lépa oòrùn. Ìyẹn gan-an ló gbé mi débi ọ̀rọ̀ tòní: omi tí oòrùn ń mu lọ́dọọdún ní adágún Nasser, lẹ́yìn dáàmù Aswan ní Íjíbítì.

Bí oòrùn ṣe ń mu omi

Àwọn kan máa ń rò pé omi gbọ́dọ̀ hó kó tó lè gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ, ṣé aṣọ máa ń hó lórí okùn kó tó gbẹ? Kì í hó. Ẹ wo oṣù keje: ẹ sá aṣọ, ọjọ́ mẹ́ta, ó ṣì tutù, ó tún ń rùn. Ẹ wá wo ọyẹ́ yìí: oòrùn kò mú tó bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń tòògbé, síbẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ̀kọ tán, aṣọ ti gbẹ gan-an-gan. Kí ló fà á? Òùngbẹ ń gbẹ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ oṣù keje ti mu omi yó, kò ní àyè mọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti aṣálẹ̀ wá, inú rẹ̀ ṣófo, omi yòówù tó bá rí ló ń fà mu, títí kan èyí tó wà ní ètè wa.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́rin ló ń pa omi adágún: ooru oòrùn, gbígbẹ afẹ́fẹ́, atẹ́gùn tó ń gbá èyí tó ti yó lọ kí òmíràn tí ebi ń pa lè wá, àti bí ojú omi ti fẹ̀ tó. A kò lè ṣe ohunkóhun sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹrin nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àti pé, kí ẹ má rò pé ọ̀tá ni oòrùn. Omi àmù ìyá àgbà, kí ló ń mú un tutù láìsí fíríìjì? Díẹ̀ lára omi náà ń gba ara amọ̀ jáde, ó ń gbẹ, bó sì ti ń lọ ló ń gbé ooru dání lọ. Ohun kan náà tó ń tu ọ̀fun wa lára nílé ló ń kó odindi odò lọ ní Aswan.

Àjọpín ọdún 1959

A ti dé Aswan báyìí. Gúúsù Íjíbítì ni ìlú yìí wà, ó sì wà lára ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n jù lọ láyé. Òjò ọdún kan níbẹ̀ kì í ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Níbí ní Ìbàdàn, ó lé ní 1,000. Odò Náílì ló gba àárín aṣálẹ̀ náà kọjá bí okùn ewéko kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tó wà ní Íjíbítì ló sì so mọ́ okùn náà.

Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Dáàmù Gíga Aswan, wọ́n parí rẹ̀ ní 1970. Owó rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ ṣáájú: nígbà tí Amẹ́ríkà àti Bírítéènì ní àwọn kò fún wọn lówó mọ́ ní oṣù keje 1956, Ààrẹ Gamal Abdel Nasser gba ọ̀nà omi Suez sọ́wọ́ ìjọba rẹ̀, ogun sì bẹ́ kí ọdún náà tó tán. Ìjọba Soviet ló padà wá bá wọn kọ́ ọ. Adágún tó kóra jọ sẹ́yìn dáàmù náà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Nasser pè, gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà. Tí ẹ bá na okùn tààrà láti Èkó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Àbújá. Ìparí rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ Sudan. Orí ilẹ̀ àwọn ará Nubia ni omi náà gùn, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nǹkan bí 100,000 èèyàn ni wọ́n kó kúrò nílé wọn ní ìhà méjèèjì ààlà. Tẹ́ńpìlì àtijọ́ Abu Simbel, tí omi ìbá bò, wọ́n fi ayùn gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì tún un tò sórí òkè láàárín 1964 sí 1968. Tẹ́ńpìlì rí ẹni gbé e gòkè. Igi déètì àwọn ará Nubia kò rí.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ní 1959, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Íjíbítì àti Sudan jókòó pín omi náà. Omi tó ń dé Aswan lọ́dún, wọ́n fojú dá a sí bílíọ̀nù 84 kúbíìkì mítà. Kúbíìkì mítà kan ni táǹkì oní 1,000 lítà tó wà lẹ́yìnkùlé yín. Íjíbítì mú 55.5. Sudan mú 18.5. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi rò ó pọ̀: mélòó ni?

[Àwọn ọmọ: 74.]

Ẹ ṣeun. 74 nínú 84, mélòó ló kù?

[10.]

Ta ni wọ́n wá fún ní 10 yẹn? Etiópíà ni? Rárá o. Orí òkè Etiópíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ti ń ṣàn wá, àmọ́ wọn kò pè é síbi àjọpín. Oòrùn ni wọ́n fún, òun àti ilẹ̀ tó ń fa díẹ̀ mu. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, wọ́n fọwọ́ sí i. Oní-nǹkan kò sí níjókòó, oòrùn wà níbẹ̀, ó sì gba ìpín tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu omi mu.

Ẹ má gbà mí gbọ́, ẹ ṣírò ó fúnra yín. Ojú adágún náà máa ń tó bíi 5,000 kìlómítà níbùú-lóròó. Omi tí oòrùn ń fà lórí rẹ̀ lọ́dún lé ní mítà méjì ní jíjìn; èèyàn tó ga jù nínú gbọ̀ngàn yìí, omi náà yóò bò ó mọ́lẹ̀. Kìlómítà kan níbùú-lóròó, mílíọ̀nù kan mítà níbùú-lóròó ni. Ẹ fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 5,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Bílíọ̀nù 10 ló máa jáde.

Bílíọ̀nù máa ń ṣú ojú èèyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ará ilé. Ẹ mọ ọkọ̀ tó ń já omi tà ní àdúgbò, èyí tó gba 10,000 lítà? Ká ní a to wọn sí etí adágún Nasser, tí oòrùn ń ra omi. Láàárín kí n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tún pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti gbé ọgbọ̀n ọkọ̀ lọ. [Ó pàtẹ́wọ́.] Ọgbọ̀n. [Ó tún pàtẹ́wọ́.] Ọgbọ̀n mìíràn. Lọ́sàn-án, lóru, ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ ọdún.

Ṣé wọn kò mọ̀ ni?

Wọ́n mọ̀. Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù, ẹnu mi sì máa ń yá sí i.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Harold Edwin Hurst. Ọdún 1906 ló dé Íjíbítì, ó sì lo ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún nídìí odò náà, títí wọ́n fi ń pè é ní Abu Nil, Bàbá Náílì. Ìwé ìwọ̀n omi tí wọ́n ti ń kọ ní erékùṣù Roda ní Káírò láti ọdún 622 ló kó sílẹ̀ tó ń kà. Ó rí i pé ọdún ọ̀dá kì í dá wá. Ó máa ń kó ẹgbẹ́ ni. Ọdún ọ̀pọ̀ omi náà ń kó ẹgbẹ́. Nítorí náà, àmù kékeré kò lè gba Íjíbítì là. Àfi èyí tó tóbi débi pé omi ọdún ọ̀pọ̀ yóò kù nínú rẹ̀ de àwọn ọdún tí ọ̀dá bá tò tẹ̀ léra wọn.

Ibo ni kí wọ́n wá gbé irú àmù bẹ́ẹ̀ sí? Hurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e sókè odò, sí inú àwọn adágún tí Ọlọ́run ti gbẹ́ sílẹ̀: Victoria, Albert, títí dé Tana ní Etiópíà. Kí nìdí? Ní Victoria, òjò tó ń rọ̀ sójú adágún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí oòrùn ń mu. Oòrùn ń gbà, òjò ń san padà. Ní Aswan, oòrùn ń gbà, kò sẹ́ni tó ń san.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Onímọ̀ ni ó sọ ọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọ̀dá ń bọ̀, ẹ ní àmù kan ṣoṣo tí ọmọ yín yóò máa mu, ṣé yàrá aládùúgbò ni ẹ ó lọ gbé e sí torí pé yàrá tiẹ̀ tutù? [Ìyá kan: Ẹ̀wọ̀!] Ẹ gbọ́ o. Ohun tí àwọn ọ̀gágun tó gbàjọba ní Íjíbítì ní 1952 wí náà nìyẹn. Tẹni ni tẹni, àkísà ni ti ààtàn. Wọ́n gbé àmù wọn sínú ilé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú oòrùn ni ilé náà wà.

Ṣé wọ́n jèrè rẹ̀? Ẹ wo àwọn ọdún 1980 sí. Òjò kọ̀ lórí òkè Etiópíà, ìyàn pa àìmọye èèyàn níbẹ̀. Ní Íjíbítì, omi ṣì ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, oko ṣì tutù. Wọ́n ń bu Nasser mu lọ́dọọdún, kò sì kún padà. Nígbà tó fi di oṣù keje 1988, ojú omi ti já sí bíi mítà 150 lókè ìpele òkun, bẹ́ẹ̀ tó bá kún, ó máa ń kọjá 175. Ó ku díẹ̀ kí ẹ̀rọ iná dúró. Àfi bí òjò ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí àgbàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Khartoum, olú ìlú Sudan, lọ.

Nítorí náà, èmi kì í bá àwọn tó ń pe dáàmù náà ní ìwà òmùgọ̀ sọ̀rọ̀. Bílíọ̀nù 10 yẹn, owó ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. Ó wọ́n. Àmọ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Ohun tí n kò rí àwíjàre rẹ̀ ni Jebel Aulia, dáàmù tí wọ́n kọ́ sórí Náílì Funfun, ọ̀kan nínú ẹ̀ka ńlá méjì tó di odò Náílì, nítòsí Khartoum ní 1937, kí Íjíbítì lè rí omi lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Adágún rẹ̀ nà lọ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà, kò sì jìn: tíréè tòmátò mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Ohun tó lè gbà kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.5 lọ, oòrùn sì ń mu ohun tó lé ní 2 níbẹ̀ lọ́dún. Nígbà tí Aswan parí, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ ti tán. Wọ́n kò wó o. Oòrùn ṣì ń gbowó orí tirẹ̀ níbẹ̀.

Àti Toshka! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Nasser kún ju bó ti yẹ lọ, wọ́n ya omi náà sí kòtò aṣálẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Adágún tuntun hù nínú iyanrìn, àwọn tó wà lójú òfuurufú ya àwòrán wọn. Láàárín ọdún mélòó kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti di iyọ̀ àti ẹrẹ̀ gbígbẹ.

Fífi ọwọ́ bò ó

Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Ṣé a kò lè bo omi ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti rí fídíò kan lórí WhatsApp: àwọn èèyàn ń da bọ́ọ̀lù dúdú kéékèèké sínú omi. Los Angeles ni, oṣù kẹjọ 2015, bọ́ọ̀lù mílíọ̀nù 96. Gbogbo ayé ní torí kí omi má baà gbẹ ni. Òótọ́ ni pé ó ń dín gbígbẹ kù, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ ká wọn lára ni pé oòrùn ń sọ èròjà kan tó wà nínú omi náà, pẹ̀lú kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, di bromate, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ojú omi tí wọ́n bò kò tó kìlómítà kan níbùú-lóròó. Ẹ wá fi wé Nasser tó jẹ́ 5,000. Bọ́ọ̀lù tí ẹ máa nílò yóò lé ní bílíọ̀nù 600. Iye tí wọ́n ra ọ̀kan ní Los Angeles jẹ́ 36 sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà. N kò ní ṣe ìṣirò ìyẹn fún yín, ọjọ́ rere là ń fẹ́.

Ní Ọsirélíà, láàárín àwọn ọdún 1950, William Mansfield àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da ohun kan tó dà bí ọ̀rá sójú adágún, cetyl alcohol, ohun tó máa ń wà nínú ìpara yín náà. Ó máa ń tẹ́ sójú omi, ó tín-ín-rín débi pé kò sí ojú tó lè rí i, ó sì ń ká omi lọ́wọ́ kò. Nínú abọ́, ó ṣiṣẹ́. Lórí adágún ńlá, ẹ gbọ́, afẹ́fẹ́ fẹ́, a sì rí fùrọ̀ adìẹ: atẹ́gùn gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí etí kan.

Èyí tó wù mí ni ti Gujarat ní Íńdíà. Ní 2012 wọ́n to páànẹ́lì sólà lé orí ojú ọ̀nà omi kan fún 750 mítà. Ó ń pèsè iná, ó ń ṣíji bo omi, omi náà sì ń tu páànẹ́lì lára, iná rẹ̀ tún ń pọ̀ sí i. Àmọ́ ojú ọ̀nà omi rí tẹ́ẹ́rẹ́; afárá la tò lé e. Ta ló fẹ́ tẹ́ afárá lé òkun?

Èyí tó sún mọ́ ilé jù ni ti àwọn ará Ukambani ní Kẹ́ńyà, ní Kitui àti Machakos. Ẹ̀yin àgbà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá gbẹ, ibo lẹ ti ń pọnmi? Ṣebí ẹ ó gbẹ́ iyanrìn ìsàlẹ̀ odò, omi á sì sun síbẹ̀. Àwọn ará Ukambani sọ ìyẹn di dáàmù. Wọ́n mọ ògiri kúkúrú sí àárín odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Iyanrìn yóò wá kún ẹ̀yìn ògiri náà dé ẹnu, omi yóò sì fara pamọ́ sáàárín iyanrìn. Nínú iyanrìn tó kún iyàrá kan, omi lè gba tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ojú oòrùn kò tó o. Tí iyanrìn òkè bá ti gbẹ tó ìwọ̀n orúnkún, ìsàlẹ̀ bọ́ nìyẹn. Abúlé kan lè mu ún títí òjò yóò fi dé. Káírò kò lè mu ún o. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Nasser fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń dá lábàá ni pé kí wọ́n sé àwọn apá rẹ̀ tó ya wọ àárín òkè, tí wọ́n ń pè ní khor. Wọ́n lé ní ọgọ́rin. Àwọn kan lára wọn gbòòrò, wọn kò jìn, bíi Kalabsha. Tí wọ́n bá sé ẹnu irú wọn, ojú omi yóò kéré. Àmọ́ ibẹ̀ ni ẹja ti ń yé, ibẹ̀ sì ni àwọn apẹja ń gbé. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Ta ló ní ó ṣòfò?

Ó ku ìbéèrè kan tó máa ń dùn mí. Ta ló ń pe omi tó gbẹ ní òfò?

Ní Gúúsù Sudan, irà ńlá kan wà tó ń jẹ́ Sudd. Bí Náílì Funfun bá wọ inú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì omi náà kì í jáde mọ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò wò ó, wọ́n ní òfò ńlá rèé. Ní 1978 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà omi Jonglei, tó yẹ kó gùn tó 360 kìlómítà, kí odò lè gba ẹ̀gbẹ́ irà kọjá. Wọ́n ti gbẹ́ ju ìdajì lọ nígbà tí ogun bẹ́ ní 1983, iṣẹ́ sì dúró láìpẹ́ sí i. Kò tíì padà di òní. Ẹni tó ṣáájú àwọn jagunjagun náà, John Garang, gboyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà ní 1981. Orí ìdàgbàsókè àgbègbè Jonglei yẹn gan-an ló kọ ìwé rẹ̀ lé. Kì í ṣe pé kò mọ̀ nípa rẹ̀ kó tó dá a dúró.

Nítorí bí omi irà náà bá fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀rùn, koríko tútù ni ó ń fi sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni màlúù àwọn Dinka àti Nuer ń jẹ. Ohun tó jẹ́ òfò lójú Káírò, oúnjẹ ni lójú wọn. Ní Aswan, ta ni omi tó gòkè lọ ń bọ́? N kò tíì rí ẹni náà.

Ẹjọ́ àmù tó wà ní yàrá aládùúgbò sì ti padà dé. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Etiópíà ṣí dáàmù ńlá tiwọn lórí Náílì Búlúù, ẹ̀ka ńlá kejì odò náà. Ó lè gba bíi bílíọ̀nù 74, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó bíi 1,900 kìlómítà níbùú-lóròó péré. Ó jìn ju Nasser lọ, òjò ń rọ̀ níbẹ̀, oòrùn ibẹ̀ kò burú tó ti Aswan. Àwọn ará Etiópíà ní: ẹ wò ó, omi tó bá sùn lọ́dọ̀ wa kò ní tètè gbẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ Hurst ni, tó gba ẹnu ẹlòmíràn jáde. Íjíbítì náà ní: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà? Òótọ́ ni àwọn náà sọ. Onímọ̀ omi lè sọ fún yín iye tí oòrùn yóò gbà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Kò lè bá yín mọ aládùúgbò yín.

[Ìyá kan rán mi létí tíréè.]

Ẹ ṣeun, Mọ̀mọ́. Níbo lọmọ yẹn wà? Gbé wọn wọlé, rọra, má dà á sílẹ̀. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti lé ní wákàtí márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká dà á sínú ìwọ̀n. Ti ìgò: ojú ìlà ibi tí mo fi í sí ló ṣì wà, bí ẹni pé n kò gbé e jáde rí. Ti tíréè... ẹ wá wò ó fúnra yín, ẹ̀yin tó wà níwájú. Kà á síta, ọmọ mi.

[Ọmọ náà: 520 mìlílítà, Sà.]

Ewúrẹ́ kankan wá síbẹ̀?

[Rárá, Sà. Àmọ́ ṣé kí n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò yẹn lọ́la, ká wo iye tó máa kù?]

Gbé e síbẹ̀. Aago mẹ́jọ, lítà kan, má ṣe wọ̀n ọ́n ní ojúlásán. Kí o kọ ọ́ sínú ìwé.